Kẹ́ ẹ tó yan bróókà futures, ẹ wo ọ̀nà tówó ń gbà jáde

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ Èkìtì níbí. Ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń bi mí pé bróókà wo ló dáa jù fún futures, àwọn ọmọ EKSU ń béèrè, àwọn kọ́pà ń béèrè, ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́ náà béèrè, ìbéèrè wọn sì máa ń jọra: èwo ni kọmíṣọ̀n ẹ̀ kéré jù, èwo ló ń jẹ́ kéèyàn fi dọ́là 50 péré ṣí kọ́ńtíráàtì. Mo ti lo ju bróókà kan lọ, mo sì ti ka ìwé àdéhùn ọ̀pọ̀ nínú wọn látòkè délẹ̀, ohun tí mo rí ni pé ìbéèrè méjèèjì yẹn ló yẹ kó kẹ́yìn. Ibi tówó yín máa gbé, ẹni tó ń ṣọ́ ọ, àti bó ṣe máa padà dé ọwọ́ yín l'Ádó, ìyẹn ló yẹ kó ṣíwájú.

Fún ẹni tí ò mọ̀, futures ni àdéhùn láti ra nǹkan tàbí tà á lọ́jọ́ iwájú, ní iye tẹ́ ẹ ti fẹnu kò sí báyìí, kì í ṣe forex tẹ́ ẹ ń ṣe lórí MT4 àti MT5 o. Forex tọ́pọ̀ ọ̀dọ́ ń ṣe níbí, lọ́pọ̀ ìgbà bróókà fúnra ẹ̀ lẹ ń bá nájà, òun ló ń pe iye, òun náà ló sì lè jẹ èrè ohun tẹ́ ẹ bá pàdánù. Futures, ọjà gbangba ni, gbogbo òǹrajà àtòǹtajà pàdé lórí pátákó kan náà, bíi ti CME ní Chicago tàbí ti ICE, ilé clearing wá wà láàárín tó ń dúró fún ẹni tó ń rà àtẹni tó ń tà. Bróókà kàn ń gbé ọ̀rọ̀ yín lọ síbẹ̀ ni, ó ń di owó yín mú, ó ń gba owó iṣẹ́ ẹ̀. Iye kan náà lẹ máa rí lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Nítorí náà, ohun tẹ́ ẹ ń yàn gan-an ni ẹni tó máa di owó yín mú.

Ẹ jẹ́ kí n fi bó ṣe tóbi hàn yín díẹ̀. Kọ́ńtíráàtì kékeré S&P 500 (àpapọ̀ ìpín àwọn ilé iṣẹ́ ńlá 500 ní Amẹ́ríkà) tí wọ́n ń pè ní Micro E-mini, MES, tí CME gbé jáde ní May 2019, dọ́là 5 ni point kan ẹ̀, tick kan, ìyẹn ìgbésẹ̀ tó kéré jù tí iye lè fi sún, jẹ́ 0.25, ìyẹn dọ́là 1.25. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ES, tó ti wà láti 1997, dọ́là 50 ni point kan, tick kan jẹ́ dọ́là 12.50. Tí S&P bá wà ní 6,000, MES kan ṣoṣo tẹ́ ẹ rà yẹn, ọjà 30,000 dọ́là lẹ gbé lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó táṣẹ́rẹ́ lẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ bróókà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí kókó, torí ọmọ Èkìtì ni wá, owó kókó ni wọ́n fi rán ọ̀pọ̀ nínú wa níléèwé, ó sì wọ́pọ̀ kí ẹnì kan láti Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùré sọ fún mi pé òun mọ kókó dénú, futures kókó lòun fẹ́ máa ṣe. Mo gbà pé ẹ mọ kókó. Ṣùgbọ́n kọ́ńtíráàtì kókó tí gbogbo ayé ń wò, orí ICE ló wà, ti New York ń lọ ní dọ́là, ti London ń lọ ní pọ́n-ùn, tọ́ọ̀nù 10 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti New York yẹn, dọ́là kan tí iye tọ́ọ̀nù bá fi sún, dọ́là 10 ni lára àkáǹtì yín. Ní 2024 tí ìkórè Ivory Coast àti Ghana ò dáa, tí ojú ọjọ́ burú tí àrùn tún wọ igi, iye kókó ní New York kọjá 12,000 dọ́là tọ́ọ̀nù kan, ẹ wò ó, kọ́ńtíráàtì kan ṣoṣo wá di ọjà 120,000 dọ́là, nígbà yẹn iye ń sún ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là láàárín ọjọ́ kan. Tó bá fi 500 dọ́là sún lòdì sí yín, 5,000 dọ́là ti lọ nìyẹn, lórí kọ́ńtíráàtì kan. Margin tí ọjà ń béèrè, ìyẹn owó ìdógò tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè di kọ́ńtíráàtì mú, náà ń gòkè sí i. Ní 2025 ló wá já wálẹ̀ gan-an, àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ ọ́n lára, torí àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wọn níbí, pátákó yẹn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó dá iye.

Ohun tó kan bróókà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń polówó kọmíṣọ̀n kékeré, CME ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí fún yín, ti ICE ẹ máa béèrè fún un lọ́tọ̀, owó dátà ẹ̀ (owó láti máa rí iye ọjà bó ṣe ń lọ, kì í ṣe dátà fóònù) náà lọ́tọ̀. Àti pé kókó yìí, ojúlówó kókó ni wọ́n ń gbé fún ara wọn tó bá yá, àpò kókó nínú ilé ìkẹ́rùsí, kì í ṣe pé wọ́n á kàn ṣírò owó. Nítorí náà bróókà máa ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ ti lé yín jáde kí First Notice Day (ọjọ́ tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fẹ́ni tó rà pé ẹrù ń bọ̀) tó dé, ọjọ́ yẹn yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ bróókà kan sí òmíràn, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó fi owó sí i. Èmi máa ń fi ìbéèrè yìí dán wọn wò kí n tó ṣí àkáǹtì. Bróókà tí kò bá lè fi ìlà méjì dáhùn ẹ̀ lórí ímeèlì, mi ò ní í gbé owó mi fún un.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó gan-an, ibẹ̀ ló dùn mí jù torí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó lè di owó oníbàárà futures mú ni wọ́n ń pè ní FCM. Oríṣi kejì wà, IB, ìyẹn kì í di owó mú, ó kàn ń mú oníbàárà wá fún FCM ni. Orúkọ tẹ́ ẹ máa ń rí lórí YouTube, IB ni àwọn mìíràn nínú wọn, kò burú, wọ́n tiẹ̀ lè dáhùn fóònù yín yá ju àwọn ńlá lọ, àmọ́ ẹ béèrè FCM tó wà lẹ́yìn wọn, torí òun ló mú owó yín dání. Òfin ní kí FCM ya owó oníbàárà sọ́tọ̀ kúrò lára owó tiẹ̀, segregated ni wọ́n ń pè é. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀, torí ìdáàbòbò SIPC tó wà fáwọn tó ń ra ìpín ilé iṣẹ́ lọ́hùn-ún, kò kan futures rárá.

Ẹ wo MF Global. Ilé iṣẹ́ ńlá ni, Jon Corzine tó ti ṣe gómìnà New Jersey rí ló ń darí ẹ̀, wọ́n fi owó ta tẹ́tẹ́ lórí gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, nígbà tó dàrú, 31 October 2011, wọ́n wọ ilé ẹjọ́ pé àwọn ti wọ gbèsè, ibi tí wọ́n sì ti ń ka owó ni wọ́n ti rí i pé owó oníbàárà tó tó bílíọ̀nù 1.6 dọ́là kò sí níbi tó yẹ kó wà. Àwọn oníbàárà rí owó wọn gbà níkẹyìn, ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n ní ọdún. Kò tíì pé ọdún kan sí i, July 2012, ni PFGBest náà wó. Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó dá a sílẹ̀, Russell Wasendorf, ti ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ayédèrú statement báǹkì fún bí ogún ọdún, ó gba àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan ní Cedar Falls, ní Iowa, tó fi jẹ́ pé lẹ́tà tí àwọn alámòójútó bá kọ sí báǹkì láti béèrè iye tó wà ńbẹ̀, ọwọ́ òun fúnra ẹ̀ ló ń bọ́ sí, òun náà ló sì ń dá wọn lóhùn. Ìgbà tí wọ́n ní kí báǹkì máa dáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni àṣírí tú. Owó oníbàárà tó sọnù lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 50 ní 2013, àwọn oníbàárà ẹ̀ ò sì rí owó wọn gbà pé. Ẹ rántí pé PFGBest wà lábẹ́ òfin o, orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé, kọmíṣọ̀n ẹ̀ ò wọ́n, àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀.

Látìgbà yẹn wọ́n ti tún òfin ṣe, àwọn alámòójútó ti ń rí owó tó wà ní báǹkì láìgba ọwọ́ bróókà kọjá. Ohun tó kàn yín ni pé ẹ̀yin náà lè yẹ bróókà wò lọ́fẹ̀ẹ́, láti orí fóònù yín. NFA, ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ àwọn bróókà futures ní Amẹ́ríkà, ní ìkànnì kan tí wọ́n ń pè ní BASIC, ẹ tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ náà sí i tàbí nọ́ńbà NFA ẹ̀, ẹ máa rí bóyá FCM ni tàbí IB, ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀, ìyà tí wọ́n ti fi jẹ ẹ́ rí àti ohun tó ṣe. Kí ẹ rí ìyà níbẹ̀ kì í ṣe ìdí láti sá o, ilé iṣẹ́ ńlá tó ti pẹ́, ó ṣòro kí ìwé ẹ̀ funfun, ẹ ka ohun tó ṣe: tó bá jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó fi ìwé kan ránṣẹ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn, tó bá jẹ́ pé ó fọwọ́ kan owó oníbàárà, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò. CFTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso ọjà futures, náà máa ń gbé ìròyìn owó àwọn FCM jáde lóṣooṣù, iye owó tiwọn àti iye owó oníbàárà tó wà lọ́wọ́ wọn. CFTC yìí kan náà ní RED List, orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè tó ń gba owó àwọn èèyàn láìforúkọ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ máa gbà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é.

Torí àwọn olè ti pọ̀ jù. Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní April 2025 tí CBEX ti ilẹ̀kùn, táwọn èèyàn ò rí owó wọn yọ mọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń pe ara wọn ní ilé ìnájà tẹ́lẹ̀, SEC Nàìjíríà, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò, sì sọ pé wọn ò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Oṣù tó ṣáájú ẹ̀ ni Ààrẹ Tinubu ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin ìdókòwò tuntun, ISA 2025, tó sọ iṣẹ́ Ponzi di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n. Òfin dáa, àmọ́ kò lè yọ owó tó ti lọ. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: bróókà futures tó jẹ́ ojúlówó kì í ní kẹ́ ẹ san owó sí àkáǹtì ẹnì kan ní báǹkì níbí, kì í ṣèlérí èrè oṣooṣù, kì í ní account manager lórí Telegram tó máa bá yín trade. Àwọn kan tún máa ń jí orúkọ ilé iṣẹ́ gidi lò, wọ́n á yí lẹ́tà kan padà nínú àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì ẹ̀. Látinú BASIC ni kẹ́ ẹ ti mú àdírẹ́ẹ̀sì, ẹ má ṣe tẹ líǹkì tẹ́nì kan fi ránṣẹ́ sí yín.

Wàyí o, kí àwa tá a wà níbí tó rówó gbé lọ síbẹ̀ kó sì padà wálé, iṣẹ́ ni. Àkáǹtì dom lẹ máa lò, ẹ ó ní kí báǹkì yín fi wire ránṣẹ́, báǹkì yín á ṣáájì, báǹkì tó wà láàárín ọ̀nà náà á mú tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá rán dọ́là 500, ẹ má retí kí ó pé 500 tó bá débẹ̀. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì dom gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ tó wà lọ́dọ̀ bróókà, lẹ́tà dé lẹ́tà. Owó ìyàwó, owó ọ̀rẹ́, owó àbúrò tó wà ní Kánádà, wọn ò ní í gbà á, wọ́n á dá a padà, ẹ ó sì san owó ìránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan lára wa, orúkọ tó wà lórí pásípọ́ọ̀tù yàtọ̀ sí èyí tó wà ní báǹkì, ẹ lọ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Èyí tó máa ń fa wàhálà jù ni ẹ̀rí ibi tẹ́ ẹ ń gbé. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú bíìlì iná tàbí omi wá tí orúkọ yín wà lórí ẹ̀. Ta ló ní bíìlì tórúkọ ẹ̀ wà lórí ẹ̀ l'Ádó níbí tó bá ń gbé ilé rẹ́ǹtì? Orúkọ lańlọ́ọ̀dù ló máa ń wà lórí ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé míì káàdì ni wọ́n ń rà. Bróókà kan tí mo lò tẹ́lẹ̀, tí mi ò ní í dárúkọ, gba owó mi wọlé kíá láìbéèrè nǹkan kan, ìgbà tí mo fẹ́ yọ owó ló wá ń béèrè bíìlì, mo fi statement báǹkì ránṣẹ́, wọ́n ní àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ ò ní nọ́ńbà ilé, mo tún un ṣe, wọ́n ní kò tíì pé, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Mo rí i gbà níkẹyìn, àmọ́ látìgbà yẹn ohun tí mo fi ń yẹ bróókà wò ti yí padà. Tẹ́ ẹ bá máa gba àjọ ní Ọjà Ọba, ẹ ò ní í wo bí káàdì alájọ ṣe dán tó, bó ṣe ń san owó lọ́jọ́ tó yẹ lẹ máa wádìí. Ohun tí mo ń ṣe nìyí: mo máa ń fi owó kékeré sí i, owó tí kò ní í dùn mí, mi ò ní í trade rárá, mo máa ní kí wọ́n dá gbogbo ẹ̀ padà sí báǹkì mi. Ọ̀nà tó gbà, iye tó kù nígbà tó dé, ohùn tí wọ́n fi dá mi lóhùn, ìyẹn ló ń sọ fún mi bóyá kí n gbé owó gidi lọ. Owó ìránṣẹ́ tẹ́ ẹ máa san fún ìdánwò yẹn kéré lójú ohun tẹ́ ẹ máa mọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kọmíṣọ̀n. Iye tí wọ́n fi ń polówó kì í ṣe iye tẹ́ ẹ máa san. Ti bróókà wà ńbẹ̀, ti ọjà wà ńbẹ̀, ti clearing, ti NFA tó jẹ́ sẹ́ńtì 2, nígbà míì ti platform (app tẹ́ ẹ fi ń nájà) náà, ẹ ó sì san án nígbà tẹ́ ẹ wọlé àti nígbà tẹ́ ẹ jáde. Ká ní gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ sẹ́ńtì 90 lẹ́ẹ̀kan lórí MES, dọ́là 1.80 ni lílọ àtàbọ̀. Tick kan jẹ́ 1.25, nítorí náà ọjà gbọ́dọ̀ ti rìn tick méjì sí ọ̀nà yín kẹ́ ẹ tó ní èrè kankan. Ẹni tó ń wọlé jáde lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́, dọ́là 18 nìyẹn, tó bá jẹ́ 20 ọjọ́ lóṣù, 360 dọ́là. Tí dọ́là bá wà ní 1,500 náírà, 540,000 náírà lẹ san fún wọn lóṣù kan, bẹ́ẹ̀ 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó ń trade lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kọmíṣọ̀n ò kàn án tó bẹ́ẹ̀, kó lọ wo owó dátà oṣooṣù àti owó tí wọ́n ń gba lọ́wọ́ ẹni tí kò bá trade. Tí wọ́n bá bi yín bóyá professional ni yín tàbí non-professional fún ọ̀rọ̀ dátà, ẹ fi òtítọ́ dáhùn, ẹni tó ń fi owó ara ẹ̀ nájà, non-professional ni, owó tirẹ̀ kéré gan-an sí ti èkejì.

Margin dọ́là 50 yẹn ńkọ́? Mo mọ̀ pé ohun tó ń fa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì ń ká mi lára. Margin tí CME fúnra ẹ̀ ń béèrè lórí MES láti gbé e sùn, ó lé ní 2,000 dọ́là ní 2025. Bróókà tó ní kẹ́ ẹ mú 50 wá, ti ọ̀sán nìkan ni, kí ọjà tó pa ẹ gbọ́dọ̀ ti jáde tàbí kẹ́ ẹ ní odindi owó. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: dọ́là 50 lórí MES, point 10 ni. Point 10 lórí 6,000, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn, S&P lè rìn ín kẹ́ ẹ tó pọn omi tán. Ẹni tó bá fi 100 dọ́là ṣí kọ́ńtíráàtì méjì, kò ní àyè láti mí. Bróókà á tì í jáde fúnra ẹ̀, àwọn kan á tún gba owó ìjìyà fún títì yẹn. Tí ọjà bá fò kọjá, ẹ lè jẹ wọ́n ní gbèsè, ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nìyí, futures kò dà bíi àwọn forex kan tí wọ́n ń sọ pé owó yín ò ní í kọjá odo. Ní 20 April 2020, epo rọ̀bì WTI ti oṣù May parí ọjọ́ yẹn ní òdì 37.63 dọ́là àgbá kan. Kọ́ńtíráàtì yẹn, àgbá 1,000 ni. Interactive Brokers, tó tóbi tó báyẹn, ètò kọ̀ǹpútà wọn ò lè ka iye tó bọ́ sábẹ́ odo, àwọn oníbàárà kan ò rí iye gidi, wọn ò sì lè jáde, CFTC bu owó ìtanràn 1.75 mílíọ̀nù dọ́là lé wọn ní 2021, wọ́n sì ní kí wọ́n san owó àwọn oníbàárà padà. Bróókà tó ní ibi tẹ́ ẹ ti lè ti òpin àdánù ọjọ́ kan mọ́lẹ̀, tí ẹ̀yin fúnra yín ò lè ṣí i títí ilẹ̀ á fi mọ́, ó sàn fún mi ju èyí tó ń fún mi ní margin 50 lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tí iná ti ń lọ ti ń bọ̀, ẹ fetí sí èyí: ẹ béèrè ibi tí stop yín (àṣẹ tó ń mú yín jáde fúnra ẹ̀ tí iye bá dé ibi tẹ́ ẹ dá) ń gbé. Lórí àwọn platform kan, stop tẹ́ ẹ fi síbẹ̀ ti wà lórí sáfà bróókà tàbí lórí ọjà fúnra ẹ̀, iná lè lọ, làptọ́ọ̀pù lè kú, á ṣiṣẹ́. Lórí àwọn kan, pàápàá àwọn trailing stop àti àwọn èyí tó ń rìn fúnra ẹ̀, inú kọ̀ǹpútà yín ló wà, tí kọ̀ǹpútà bá kú, òun náà kú, ọjà wá ń lọ láìsí ẹni tó ń dá a dúró. Ínfátà àti sólà dáa, mo ní tèmi, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà máa ń lọ. Kẹ́ ẹ ní app bróókà lórí fóònù tó ń lo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì míì, kẹ́ ẹ sì ní nọ́ńbà trade desk wọn (àwọn tó ń gba àṣẹ lórí fóònù) nínú ìwé, kì í ṣe nínú fóònù tó lè kú, kẹ́ ẹ ti pè é rí lọ́jọ́ tí nǹkan kan ò ṣe yín, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá èèyàn ló ń gbé e.

Ọ̀rọ̀ àsìkò ò le. CME ń ṣí ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ Sunday ti Chicago, ìyẹn aago 11 alẹ́ lọ́dọ̀ wa tó bá jẹ́ ìgbà ooru tiwọn, aago 12 òru tó bá jẹ́ ìgbà òtútù. Ọjà ìpín Amẹ́ríkà tó ń mì S&P ń ṣí ní 2:30 ọ̀sán wa tàbí 3:30, bákan náà. Ó bá òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń jáde níṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ mu dáadáa, kò sídìí láti máa ṣọ́ òru.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n dárúkọ, màá dárúkọ. Interactive Brokers ni mo fi ṣíwájú fún ẹni tó ní owó tó nípọn díẹ̀ tó sì fẹ́ ju CME lọ, ẹni tó ń wo kókó ní ICE tàbí ọjà Yúróòpù. Wọ́n ti wà láti 1978 tí Thomas Peterffy ti bẹ̀rẹ̀, orí Nasdaq ni ìpín wọn ti kọ́kọ́ wọ ọjà ní 2007, ìròyìn owó wọn wà ní gbangba, wọn ò béèrè iye kan pàtó láti ṣí àkáǹtì, owó àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá yọ lóṣù kan, wọn kì í gba owó lórí ẹ̀. Platform wọn, TWS, ó le, ó máa rẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n, wọn kì í sì í fún yín ní margin 50, tí owó yín ò bá tó, kọ̀ǹpútà á ti yín jáde láìpè yín. Èmi gba ti bẹ́ẹ̀. NinjaTrader, futures nìkan ni tiwọn, charts wọn dáa gan-an, ẹ lè fi owó irọ́ kọ́ṣẹ́ lórí ẹ̀, ẹ lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú kọmíṣọ̀n tó ga díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ san oṣooṣù tàbí ẹ̀ẹ̀kan láéláé kí kọmíṣọ̀n rọlẹ̀. Kraken ló rà wọ́n ní 2025, bílíọ̀nù 1.5 dọ́là. Wọ́n dáa fún ẹni tó ń kọ́ MES àti MNQ (ẹgbẹ́ MES tó ń tẹ̀lé Nasdaq-100), tó bá lè mú ojú kúrò lára margin kékeré wọn. AMP ní Chicago, FCM ni, ohun tó dáa lára wọn ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ platform ló bá tiwọn mu, ẹni tó ti mọ irinṣẹ́ ẹ̀ kò ní láti yí i padà, kọmíṣọ̀n wọn náà ò wọ́n. Lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn, ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò lójú fọ́ọ̀mù ni ibi tí wọ́n to orílẹ̀-èdè sí, kẹ́ ẹ rí Nàìjíríà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún wọn ní pásípọ́ọ̀tù yín. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ lo àdírẹ́ẹ̀sì ẹbí tó wà lókè òkun, ẹ má gbọ́ tiẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ owó ni wọ́n máa béèrè.

Fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà dọ́là, NGX, ọjà ìpín Nàìjíríà, náà ṣí ọjà derivatives ní April 2022, NGX 30 Index Futures àti ti Pension Index, ní náírà, lọ́wọ́ àwọn bróókà tí SEC fún níwèé. Mo fẹ́ kó dàgbà tọkàntọkàn, àmọ́ èèyàn ò tíì pọ̀ níbẹ̀, ẹ lè wọlé kẹ́ ẹ má rí ẹni tó máa ra tọwọ́ yín. Ẹ ṣì máa wò ó.

Ìwé tó kù: tẹ́ ẹ bá ń ṣí ti Amẹ́ríkà, wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù W-8BEN, òun lẹ fi ń sọ pé ẹ kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ owó orí, ó máa ń wúlò títí òpin ọdún kẹta lẹ́yìn èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọjọ́ ẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa parí kí wọ́n sì dá owó yín dúró. Statement tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lórí ìkànnì wọn, ẹ máa gbé e wá sórí ẹ̀rọ tiyín, ẹ fi ẹ̀dà kan sí ímeèlì míì. Tí FCM bá wó, ẹni tí ilé ẹjọ́ bá yàn láti pín owó, statement yẹn ló máa ní kẹ́ ẹ mú wá.